Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tó Dójú Tì Mí Lọ́jà Ìtórí

Tọ́rọ̀ kan péré ni wọ́n ń ta òrí láyé ìgbà tí mo fẹ́ sọ yìí. Òrí tó kún ewé o, tí ọlọ́mọ á máa fi pa ara ọmọ títí oṣù á fi lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á nínú ike kékeré lónìí, tí wọ́n ya òdòdó sí i lára, tí owó rẹ̀ sì tó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má bá mi jiyàn. Mo lè gbàgbé orúkọ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, n kò lè gbàgbé owó òrí. Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ló fa ọ̀rọ̀ náà. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ mi, tó ń ti Abẹ́òkúta níbí lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, òun ló ra kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe pé kò rówó wọkọ̀. Ó ní jíjókòó ọ́fíìsì ń sọ òun di ọlọ́ra, òun fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ da ara òun láàmú lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní ayé yí lóòótọ́: àwa ń gun kẹ̀kẹ́ ká lè rí jẹ, ẹ̀yin ń gun kẹ̀kẹ́ torí pé ẹ jẹun jù.

Sátidé tó kọjá ló ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé wá sí Ìgbẹ̀ìn níbí, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá rẹ̀, ìyẹn ọmọ mi, wà níwájú ilé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n ń ta ayò. Ọmọ náà kò tiẹ̀ wò wọ́n.

Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ gbà mí o. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ yìí ti fẹ́ gé ojú ara mi dànù."

Mo yára fi ìbòrí bojú. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Bàbá rẹ ló jókòó yẹn!"

Ó ní, "Ṣé bàbá mi ò mọ̀ pé mo ní i ni?"

Mo retí kí bàbá rẹ̀ bínú, ó kàn da ọmọ ayò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Àbẹ̀kẹ́ yọ fóònù, ó ń kà á fún un pé egungun ìdí obìnrin fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, pé ìjókòó tó yẹ obìnrin gbọ́dọ̀ gbòòrò lẹ́yìn, kí imú rẹ̀ kúrú, kó má sì ga ju ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún lọ. Bàbá mú sípánà wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ọmọ gùn ún lọ dé ìdí ọ̀pẹ, ó padà, ó ní ó ti dáa díẹ̀, òun á ra èyí tó gbòòrò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó parí. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ayò.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbá mi mú. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú wá mú mi, ojú tì mí débi pé mo wọlé lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin rò pé Àbẹ̀kẹ́ ló tì mí lójú. Kì í ṣe òun.

Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, ìyẹn ìgbà tí eyín pé lẹ́nu mi, ẹni tó bá sùn sí Ìtòkú, àdúgbò àwa aláró tó wà nítòsí Ìgbẹ̀ìn, kò nílò aago. Igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ ni yóò jí i. Pò-pò, pò-pò, igi méjì lórí aṣọ kan, tí èyí ń lù tí tọ̀hún ń dá a lóhùn, títí aṣọ á fi máa dán bí ara ejò. Òórùn aró á ti gba gbogbo àdúgbò. Ọwọ́ wa dúdú dé ìgúnpá. Bí ọwọ́ obìnrin kan bá mọ́ láàárín wa, a mọ̀ pé ọ̀lẹ ni. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń tẹ àdìrẹ lókè òkun, wọ́n ń kó o wá sí Ìtòkú nínú ọ̀rá, ọmọ tí kò mọ ojú ìkòkò aró rí á sì máa júwe fún mi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni n bá tún ṣe?

Ọjà Ìtórí ni mo ń ná nígbà yẹn, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lówó, kòkó àti obì ni wọ́n ń tà, ìyàwó wọn sì fẹ́ràn aṣọ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè dé ló ń rí ojú owó. Tí oòrùn bá ti mú, wọ́n ti rà tán, wọ́n á kàn máa fọwọ́ pa aṣọ rẹ bí ẹní pa ológbò ni, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á sì lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù tí a ń wọ̀ kì í gbéra títí yóò fi kún. Tí èèyàn bá kún un, a ó dúró de ewúrẹ́. Mo ti bá ewúrẹ́ jókòó débi pé a mọ ara wa lójú.

Ni mo bá dá èésú, mo ra kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere, tòkúnbọ̀. Lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń wọn kòkó ni mo ti rà á, ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó dà bí ọ̀pẹ tí wọ́n fi aṣọ wọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ju ìkúùkù méjì lọ, ìdí yẹn ni wọ́n sì ṣe ìjókòó náà fún: awọ líle, tóóró, tí imú rẹ̀ gbé sókè bí ẹnu àkàlà. Ẹ wá wo èmi tí wọ́n ń pè ní Kúńkú torí pé mo kúrú. Tí mo bá gun orí rẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Tí mo bá fẹ́ tẹ apá ọ̀tún, mo ní láti yọ́ sọ́tùn-ún. Tí mo bá fẹ́ tẹ apá òsì, mo ní láti yọ́ sósì. Láti Abẹ́òkúta dé Ìtórí, bí ẹní ń lọ ata lórí ọlọ ni. Ara mi sì ni ata náà.

Ọkọ mi, bàbá bàbá Àbẹ̀kẹ́, kápẹ́ńtà ni. Ọjọ́ tí mo ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé, ó gbé pákó sílẹ̀, ó wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Obìnrin inú ilé mi ti di ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tí o bá pa ọjà Ìtórí kan ṣoṣo jẹ nítorí nǹkan yìí, ọjọ́ náà ni màá tà á."

Mo ní, "Mo gbà."

Àwọn ìyàwó ilé yòókù fi iyọ̀ tiwọn sí i, wọ́n ní obìnrin tó bá ń yasẹ̀ lórí irin kò ní bímọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan ni mò ń gùn. Tí mo bá pa ọjà kan jẹ, kẹ̀kẹ́ lọ, mo padà sáàárín ewúrẹ́, mo ń jẹ àjẹkù ọjà, gbogbo agbo ilé á sì máa fi mí kọrin.

Ọjà kejì, ara mi ti bó. Ọjà kẹta, mo ń rìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá owó tó jábọ́. Aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ń jẹ. Èmi, n kò lè sọ awọ ibi tí mò ń jẹ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Láyé tiwa, ìyàwó ilé kì í dárúkọ irú ibẹ̀ fún ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ká tiẹ̀ sòótọ́, a kì í dárúkọ rẹ̀ fún ọkọ gan-an. Ẹni kan ṣoṣo tó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìgbẹ̀ìn, ọkùnrin ni. Bùràímọ̀ lorúkọ rẹ̀, lábẹ́ igi òdán ló ń jókòó, àwọn ọkùnrin tí kò níṣẹ́ sì máa ń wá bá a wo kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe tiwọn.

Mo lọ bá a. "Bọ̀ọ̀dá Bùràímọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òòò, ìyàwó wa. Kí ló ṣe kẹ̀kẹ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Níbo?"

Mo wo àwọn ọkùnrin tó jókòó. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ìbàdí."

Ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè, ó gba owó rẹ̀. Ọjà mìíràn dé, ìrora náà kò yí padà. Mo padà lọ, mo ní ẹsẹ̀ ni. Ó pààrọ̀ rọ́bà ibi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó fi epo sí i, ó gba owó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo débẹ̀, mo ní, "Ó kàn ń ṣe mí bákan ṣáá ni."

Ó wò mí tàánútàánú, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe pé inú ti wà?"

Àwọn ọkùnrin òdán kí mi kú oríire. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ kò lanu.

Ẹ sì gbọ́ o, ìjókòó tó yẹ mí so mọ́ ara igi òdán yẹn gan-an. Irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gùn ni, ó gbòòrò lẹ́yìn bí ìdí ìkòkò, ó ní sípíríǹgì nísàlẹ̀, imú rẹ̀ sì kúrú. Mo ń wò ó bí ọmọ tí ebi ń pa ṣe ń wo àkàrà inú agbada. Bùràímọ̀ rí ojú mi. Ó ní, "Ṣílè mẹ́wàá ni o. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ ni?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Kí ni n ó fi ṣe?"

Ẹnu tó máa ń ná aṣọ títí oníbàárà á fi gbàgbé ohun tó wá rà, ẹnu yẹn náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́nà kan, n kò ní ṣílè mẹ́wàá, n kò tiẹ̀ ní tọ́rọ̀ òrí tí n bá fi pa ojú egbò, gbogbo owó mi ti bá kẹ̀kẹ́ àti àtúnṣe rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní mo ní i, wọn á béèrè ohun tó ṣe ìjókòó ti àkọ́kọ́.

Ni mo bá dá ọgbọ́n orí ara mi. Mo ní n ó ká aṣọ sórí ìjókòó náà kó lè rọ̀. Aṣọ wo wá ni? Ẹ̀yin ẹ má gbàgbé pé oníṣòwò ni mí: n kò jẹ́ jókòó lé aṣọ tí mo lè tà. Mo wo okùn tí à ń sá aṣọ sí, mo rí àdìrẹ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, tí n kò tíì fi omi ṣàn. Òkè rẹ̀ ti gbẹ. Mo ká a nígbà mẹ́rin, mo fi okùn dì í mọ́ ìjókòó. Mo gùn ún. Háà! Bí ìrọ̀rí ni. Mo ń kọrin jáde nílùú.

Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Èmi tí kì í ṣe agbe, òógùn mú mi lójú ọ̀nà.

Mo dé Ìtórí ṣáájú ọkọ̀ akẹ́rù. Inú mi dùn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tú ẹrù, mo bẹ̀rẹ̀ láti tẹ́ aṣọ sórí àtẹ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn ọkùnrin tó ń já ẹrù kòkó ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀kan ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Ìró mi ọjọ́ náà, aláwọ̀ obì ni. Tí aró bá kan aláwọ̀ obì, kì í hàn bí aró, dúdú kan báyìí ni, ẹ sì mọ ohun tí ojú èèyàn á rò pé òun rí lára ìdí obìnrin.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi: "Aró ni o!" Mo ti la ẹnu. Mo wá wo àtẹ mi. Aṣọ tí mo fẹ́ tà fún wọn rèé, tí mo ti búra lọ́jà mẹ́wàá pé aró rẹ̀ kì í ṣí. Tí mo bá ní aró ló yí mi lára, ta ni yóò ra aṣọ lọ́wọ́ aláró tí aró tirẹ̀ gan-an ń yí lára? Wọn ò ní dúró gbọ́ pé èyí tí n kò ṣàn ni. Ọjà Ìtórí kú mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, kẹ̀kẹ́ sì ti lọ. Ikú yá ju ẹ̀sín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í ra aṣọ lọ́wọ́ òkú. Mo pa ẹnu dé. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bí wọ́n ṣe ń rò ó. Mo dúró síbẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn, omi ń bọ́ lójú mi.

Ìyá kan tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìyá Arínpé, ló dìde. Obìnrin rìpẹ̀tẹ̀ ni, a kì í sọ̀rọ̀ ju "ẹ kú ọjà" lọ. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó dì í mọ́ mi nídìí, ó kọjú sí àwọn aláàárù.

Ó ní, "Kí lẹ ń wò? Ṣé inú àpò kòkó ni wọ́n ti bí yín ni? Àbí ìyá yín kì í ṣe obìnrin? Ẹ gbé ẹrù yín!"

Ó fà mí lọ sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé kẹ́tù omi fún mi. Nígbà tí mo tú ìró, ó bẹ̀rẹ̀ wò mí. Ara mi ti di àdìrẹ. Ó fi ìka kàn án, ó wo ìka náà nínú oòrùn, ó wá fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín láìdún, gbogbo ara rẹ̀ ń mì.

"Aró!"

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pariwo. Aṣọ mi wà lórí àtẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ti rí egbò náà. Ó ní, "Kí ló ṣe ọ́ báyìí?"

Mo sọ fún un. Òun ni ẹ̀dá alààyè àkọ́kọ́ tí mo sọ fún.

"O fi òrí pa á?"

"N kò ní tọ́rọ̀, Ìyá."

"Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ńkọ́?"

"Ó ní ìjókòó kan, ṣílè mẹ́wàá. Ojú ló ń tì mí láti sọ ohun tó ń ṣe mí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹnu tí o fi ń na gbogbo wa bí ọmọ lọ́jà yìí! Ó wá kú síwájú ọkùnrin tó ń fẹ́ táyà."

Ọjọ́ náà, mo ta gbogbo aṣọ mi. Ẹlòmíràn ra nítorí àánú. Àánú kì í mú owó dín. Nígbà tí ọjà ń tú, Ìyá Arínpé lọ sí ìdí kẹ̀kẹ́ mi fúnra rẹ̀, ó tú àdìrẹ tí mo fi ṣe ìrọ̀rí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí mo ti jókòó ti bó rekete: ojú rogodo méjì, funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láàárín aró dúdú. Mo fẹ́ kú.

Ó ní, "Èló lèyí?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe títà."

"Ohun tó bá ti wọ ọjà, títà ni. Èló?"

Mo rò pé tí mo bá pe iye tí kò bọ́gbọ́n mu, á jẹ́ kí n sinmi. Ṣílè mẹ́ta là ń ta irú rẹ̀. Mo ní, "Ṣílè mẹ́wàá!"

Kò ná an. Ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó ka owó, ó pa ìka mi dé lórí rẹ̀. Ó ní, "Má ṣe gun nǹkan yìí lọ sílé." Ó bá mi gbé kẹ̀kẹ́ sórí ọkọ̀ akẹ́rù, èmi àti ewúrẹ́ jọ padà. Nígbà tí mo ka owó náà lójú ọ̀nà, ó lé díẹ̀. Mo ní àṣìkà ni. Ìtìjú kò jẹ́ kí n padà lọ béèrè.

Mo lọ tààrà sábẹ́ igi òdán. Àwọn ọkùnrin náà wà níbẹ̀, bí wọ́n ti máa ń wà. Mo di ojú mi méjèèjì.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Bùràímọ̀, ìjókòó yìí ń gé ojú ara mi."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo igi. "Họ́wù! Ìyàwó wa, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ wá! Ẹ ò bá ti sọ!" Lójú ẹsẹ̀ ló so èyí tó gbòòrò sí i. Ó ní kí n gùn ún, ó di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn, ó sì kọ ojú sójú ọ̀nà kó má bàa wò mí. "Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ yín nà tán? Ṣé ẹ ò yọ́?" Ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó tẹ́ imú rẹ̀, ó fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ súnmọ́ mi. Kò gbà ju ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀pà ọwọ́ kan lọ. Àwọn ọkùnrin òdán? Ọ̀kan nínú wọn ní ó ń ṣe ìyàwó òun náà bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà kò tètè sọ.

Ohun tó gbé mi wọlé lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìtìjú pé mo tijú. Mo jẹ́ kí ara mi bó nítorí ẹ̀pà ọwọ́ kan.

N kò pa ọjà Ìtórí kan jẹ, ọkọ mi kò sì rí kẹ̀kẹ́ tà. Ó tiẹ̀ máa ń yá a lọ́wọ́ mi nígbà tó yá, á ní ìjókòó rẹ̀ tù ú lára. Oyún dé kí ọdún tó yípo, àwọn ìyàwó ilé gbé orin mìíràn. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ni mo bí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé kún. Ìyá Arínpé wá láti Ìtórí. Mo gbójú sókè, mo sì yára tẹrí ba: ó fi àdìrẹ yẹn wé gèlè. Ó wé e kí ojú méjèèjì rẹ̀ lè wà níwájú gan-an, bí iná mọ́tò. Àwọn aláró Ìtòkú yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ pa á.

"Ìyá, irú batani wo nìyí? A ò rí irú rẹ̀ rí."

"Òṣùpá Méjì ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Ìyá ọmọ tuntun yìí ni. Ó fi ara ṣe é."

Mo gbé ọmọ sọ́mú, mo bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń sunkún. Gbogbo ara mi gbóná.

Wọ́n ní, "Èló lẹ rà á?"

"Ṣílè mẹ́wàá," ni ó wí. Wọ́n pariwo. Ó dúró kí ariwo náà rọlẹ̀, ó wò mí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn bí ẹni tó fẹ́ fi òrí pa ọmọ. Ó ní, "Ṣílè mẹ́wàá àti tọ́rọ̀ kan."